Kòkòrò Inú Igi Agbálùmọ̀

Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Ṣàngó Toll Gate, tí ẹ sì bi àwọn ọlọ́kadà pé níbo ni Dókítà Làtífátù Fákọ̀yà ń gbé, wọn á wò yín títí, wọn á ní àwọn ò mọ ẹnì kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ sọ pé Ìyá Oníkòkòrò lẹ ń wá. Kíá ni wọ́n á gbé yín dé ẹnu géètì rẹ̀ ní Joju, wọn á sì tún bi yín bóyá òótọ́ ni pé obìnrin náà ń sin ìdin sínú ike bí ẹní ń sin adìẹ. Òótọ́ ni. Irọ́ ni èyí tí wọ́n ní ó ń fi wọ́n jẹ ẹ̀bà.

Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni. Ẹjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n ti bí i, iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ló sì gbé e wá sí Ọ̀tà. Ó ti lọ́kọ rí. Ọkùnrin náà lọ sí òkè òkun, ó ní bí òun bá ti rí ibi fẹ̀yìn lélẹ̀, òun á ránṣẹ́ pè é. Ìránṣẹ́ yẹn ṣì ń bọ̀ lọ́nà di òní olónìí. Làtífátù kò jẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, tó ṣí ilẹ̀kùn, á kí ilé, nítorí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ pé ọmọ tó bá ní ẹ̀kọ́ ilé kì í wọlé láìkí ará ilé. Á ní, "Ẹ kúulé o." Lẹ́yìn náà á tan iná, á sì lọ wo àwọn ike rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn kòkòrò náà díẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n kò lè mọ obìnrin yìí. Dúdú ni wọ́n, ẹ̀yìn wọn le, ẹsẹ̀ wọn kì í yá. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn wọ́n, òmíràn á ṣe bí ẹni tó ti kú, òmíràn á tú òórùn burúkú sí yín lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ pe agbo ilé wọn ní olókùnkùn, torí pé abẹ́ èèpo igi, abẹ́ òkúta, ìsàlẹ̀ àpò ọkà, ibi tí oòrùn kì í dé ni wọ́n fẹ́ràn. Agbo ilé náà kò sì kéré. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi ló wà nínú rẹ̀ káàkiri ayé, láti aginjù títí dé inú ìyẹ̀fun tí ẹ fi ń dín pọ́fùpọ́fù. Iṣẹ́ Làtífátù ni láti mọ èyí tó jẹ́ ọmọ ta nínú wọn, ibi tí kálukú tẹ̀dó sí, ohun tó ń jẹ, àti iṣẹ́ tó ń ṣe fún ilẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí àwọn tí ń jẹ igi tó kú di erùpẹ̀, orí òkìtì igi ni à bá máa gbé.

Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń lọ oúnjẹ adìẹ ní Ṣàngó máa ń ránṣẹ́ pè é. Kì í ṣe nítorí ìmọ̀ o. Bí kòkòrò pupa kékeré bá ti bo àpò ọkà wọn, wọ́n á rántí pé ìyá kan wà ní Joju. Máníjà ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Treasure tiẹ̀ dúró lé e lórí lọ́jọ́ kan, ó fi áńkáṣífù bo imú.

"Mummy, abeg, which chemical go clear all of them one time?"

"Make una dey sweep the store. Make the corn dry before una pack am," ni Làtífátù dá a lóhùn.

Treasure mi orí bí ẹni tó gbọ́. Làtífátù sì ti sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Ohun tó ń dùn ún ni pé gbogbo ẹni tó bá bi í léèrè nípa kòkòrò, bí wọn yóò ṣe pa á ni wọ́n ń bi í. Kò sẹ́ni tó bi í rí pé kí ni kòkòrò náà ń jẹ́, tàbí ibo ló ti wá. Ó kó ìmọ̀ jọ títí, kò rí ẹni bá sọ ọ́, bí ẹni tó se oúnjẹ ọdún tí kò rí àlejò.

Èyí tó wà ní ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn, àjèjì ni gbogbo wọn. Inú àpò ọkà ni wọ́n bá wọ ọkọ̀ ojú omi dé. Èyí tí Làtífátù ń wá ni ọmọ onílẹ̀, àwọn olókùnkùn tó ti wà ní igbó Ọ̀tà kí ilé iṣẹ́ tó dé. Nítorí náà, bó bá ti di ọjọ́ Sátidé, á wọ bàtà òjò, á gba ọ̀nà abúlé lẹ́yìn Ojú Ore, á máa yẹ igi tó bá ti wó wò. Bó ṣe já sí ẹ̀yìnkùlé Bàbá Nùrẹ́nì Ọláwuyì nìyẹn, ilé tó kẹ́yìn kí èèyàn tó kan irà. Igi agbálùmọ̀ ńlá kan wó síbẹ̀ gbalaja. Làtífátù dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ èèpo rẹ̀, kò mọ̀ pé ẹnì kan ti dúró sẹ́yìn òun.

"Ta nìyẹn lẹ́yìnkùlé mi?"

Làtífátù fò dìde, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Mo kágò lẹ́nu ọ̀nà, mi ò gbọ́ ohùn èèyàn ni. Kòkòrò ni mò ń wá."

Bàbá wò ó láti orí dé bàtà òjò. "Ṣé ó sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́ ni?"

Ó pẹ́ tí Làtífátù ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó na ọwọ́, ó fi kòkòrò dúdú kan han Bàbá, ẹ̀yìn rẹ̀ ní ilà wínníwínní bí ara gèlè àdìrẹ. Bàbá tẹjú mọ́ ọn, ó wá bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè rí.

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

Làtífátù ní òun kò mọ̀. Òótọ́ ló sọ. Ìyẹ́ kòkòrò náà lẹ̀ mọ́ra, kò lè fò, òun kò sì rí irú rẹ̀ nínú ìwé kankan.

"Kò lè fò," ni Bàbá wí. "Èmi náà ò lè fò. Jókòó."

Ọmọ Ọ̀tà gidi ni Bàbá Ọláwuyì. Oko bàbá rẹ̀ ti di ilé iṣẹ́, igbó tó ti ń dẹ ọ̀yà tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń kó tírélà sí. Nímọ́tà, ìyàwó rẹ̀, ló máa ń ká agbálùmọ̀ igi náà lọ tà nígbà ayé rẹ̀. Igi wó lẹ́yìn ikú rẹ̀, Bàbá kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni là á. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Abúlé Ẹ̀gbá àti Agége, wọ́n ń ṣe dáadáa, wọ́n ń fi nǹkan ránṣẹ́. Wọn kì í sábà wá. Ta ló ráyè?

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ igi yìí sú yín, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀. Làtífátù kọ̀wé sí àwọn àgbà onímọ̀ pé ó dà bíi pé òun rí olókùnkùn tuntun. Wọ́n dá a lóhùn pé akọ nìkan ló fi ránṣẹ́, akọ nìkan kò tó. Kó mú abo wá. Kó tún mú ìdin wá, ìdin tó di kòkòrò níṣojú òun fúnra rẹ̀, kí àwọn lè mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni. Nígbà tó sọ ọ́ fún Bàbá, Bàbá ní ohun tó yẹ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣẹjọ́ ilẹ̀ l'Ọ́tà: ẹ mú ìyá wá, ẹ mú ọmọ wá, ká tó mọ̀ pé ẹbí ni yín. Làtífátù ti kó ìdin díẹ̀ lọ sílé rí. Igi inú ike gbẹ, wọ́n kú tán. Ó yẹ igi mìíràn wò káàkiri ẹsẹ̀ irà náà, kò rí ẹyọ kan. Àfi kí igi agbálùmọ̀ náà wà níbi tó wà, kí èèyàn sì ní sùúrù títí ìdin inú rẹ̀ yóò fi dàgbà. Bí igi yẹn bá lọ, kòkòrò náà lọ nìyẹn.

Bó ṣe di pé Làtífátù ń lọ sílé Bàbá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé nìyẹn. Á ra búrẹ́dì Agége dání. Bàbá á ti gbé àga méjì síta, ọ̀kan níhà ìdí igi, ọ̀kan níhà orí rẹ̀. Làtífátù á yẹ abẹ́ èèpo wò díẹ̀, á dá a padà bó ṣe wà, lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ á wà, nígbà mìíràn kò ní sí. Lọ́jọ́ kan ó ń sọ fún Bàbá nípa olókùnkùn kan nínú aginjù ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà lọ́hùn-ún, níbi tí òjò kì í rọ̀. Bí kùrukùru bá mú, kòkòrò náà á dorí kodò, á gbé ìdí sókè, ìrì á máa ṣàn láti ẹ̀yìn rẹ̀ wá sí ẹnu rẹ̀.

Bàbá gbé búrẹ́dì kúrò lẹ́nu. "Ó ń forí kanlẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Sùjúùdù ló ń ṣe yẹn. Ọlọ́hun sì ń fún un lómi mu." Ó yí àga rẹ̀ kọjú sí i. "Ọmọ Ẹjìgbò, o ò sì sọ fún mi látọjọ́ yìí!"

Ọmọ Ẹjìgbò ló ń pè é. Ó bi í ní orúkọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní orúkọ dókítà ti gùn jù fún ẹnu arúgbó.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, Làtífátù fẹ́ lọ sí Ìbàdàn, níbi tí wọ́n kó òkú kòkòrò ọjọ́ pípẹ́ jọ sí, kó lè fi tirẹ̀ wé tiwọn. Ó dágbére fún Bàbá. Bàbá ní kó máa lọ, kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kan igi rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láyé. Ọ̀rọ̀ lásán ni lójú àwọn méjèèjì. Wọn kò gba nọ́ńbà ara wọn. Ẹni tí èèyàn ń rí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí lèèyàn fẹ́ fi nọ́ńbà rẹ̀ ṣe?

Ìrìn àjò tó rò pé kò ní pẹ́, ó pẹ́. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti rìnrìn àjò, nígbà tó dé, iná kò sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Làtífátù wá jókòó ti àwọn àpótí náà níkẹyìn, tó yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí iyèméjì mọ́. Ìbátan kòkòrò rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n jọra ní ẹsẹ̀, wọ́n jọra ní orí, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan tó jẹ́ òun gan-an. Tuntun ni. Ayọ̀ gbà á lọ́kàn débi pé ó sọ̀rọ̀ sókè nínú yàrá òfìfo náà. "Bàbá, ẹ gbọ́ eléyìí!" ló wí. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé nínú gbogbo ayé, ẹnì kan ṣoṣo ló wu òun láti sọ ọ́ fún.

Kò tiẹ̀ yà ní Joju nígbà tó ń bọ̀. Láti Ṣàngó ló ti wọ ọkọ̀ lọ sí Ojú Ore pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó ra búrẹ́dì, ó ń rìn wàrà lọ sí ilé Bàbá. Ó rí kánọ́pì níwájú ilé. Ó gbọ́ ohùn Ááfà nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó rò pé wọ́n ń sọmọ lórúkọ ni, inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn fún Bàbá. Ìgbà tó dé abẹ́ kánọ́pì ló rí àwòrán ńlá tí wọ́n gbé kọ́, Bàbá wọ fìlà funfun nínú rẹ̀, wọ́n kọ "Innā lillāhi" sí òkè orí rẹ̀. Fidáù ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń ṣe.

Ibi tí ẹsẹ̀ gbé e lọ, ẹ̀yìnkùlé ni. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò béèrè ohun tó pa Bàbá, igi ló sáré lọ wò. Ẹ lè dá a lẹ́jọ́. Òun náà ṣì ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Igi kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìkòkò ìrẹsì ràgàjì mẹ́ta wà lórí iná, igi agbálùmọ̀ ni wọ́n là wẹ́lẹwẹ̀lẹ tí wọ́n kì bọ abẹ́ wọn. Ràfátù, obìnrin ìdílé náà tó ṣáájú àwọn alásè, di gèlè mọ́dìí, ó mú ọmọrogùn dání bí ẹni mú ọ̀pá àṣẹ.

"Ẹ yọ ọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ igi yẹn!" ni Làtífátù ké.

"Àǹtí, kí la fẹ́ yọ? Ìrẹsì ń hó lọ́wọ́."

"Kòkòrò wà nínú ẹ̀!"

Ràfátù rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá a léjìká jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Iná ti jẹ kòkòrò yẹn. Kò lè bọ́ sínú oúnjẹ."

Làtífátù lọ síbi tí igi wà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ rí funfun, ó tutù, èèpo díẹ̀ ló fọ́n síbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ìka tú u, ó ń tú u, àwọn alásè ń wò ó. Ìdin kan ló rí. Àáké ti gé e sí méjì.

Obìnrin kan tó wọ híjáàbù dúdú wá bá a níbẹ̀. Ọmọbìnrin Bàbá tó dàgbà jù ni, Hajarat, tó ń gbé ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀ ma. Ẹ má bínú o, mi ò dá yín mọ̀. Ta lẹ jẹ́ sí Bàbá wa?"

Làtífátù kì í ṣe ẹbí. Kì í ṣe aládùúgbò. Wọn kò jọ kírun ní mọ́sálásí kan náà. Ẹni tí Bàbá jẹ́ sí i, ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí òun jẹ́ sí Bàbá, kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é.

"Mo máa ń wá ní Sátidé," ló wí.

Hajarat wò ó, ẹnu rẹ̀ sì ṣí díẹ̀díẹ̀. "Ẹ̀yin ni Ọmọ Ẹjìgbò?"

"Èmi ni."

"Yéè!" Hajarat di orí mú. Nígbà tó ṣe, ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àyà ló ń dun Bàbá. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, ó kọ̀, ó ní òun ń retí ẹnì kan. Ó ń sọ̀rọ̀ igi ṣáá: igi, igi, ẹ wo igi mi. Wọ́n rò pé ìyá wọn ló ń rántí, torí igi ìyá wọn ni. Nínú ìdílé wọn sì rèé, igi inú ọgbà bàbá ni wọ́n fi ń se oúnjẹ fidáù bàbá, wọn kì í ra igi wọlé fún un. Àwọn ọmọ wá fohùn ṣọ̀kan pé agbálùmọ̀ yẹn ló fẹ́ kí wọ́n fi se sàráà òun, kó lè jẹ́ ti òun àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn ń bu ọlá fún un ni.

"Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn," ni Hajarat wí, "ó bi mí, ó ní ṣé Ọmọ Ẹjìgbò ti dé? Ma, mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. A rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó bèèrè bèèrè tí kò jẹ́ kí n gbádùn, mo parọ́ fún un. Mo ní ẹ ti dé. Mo ní ẹ wà lẹ́yìnkùlé."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ká má dí yín lọ́wọ́. Ó ní ká gbé àga síta fún yín. Ló bá sùn. Kò jí mọ́."

Làtífátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú èèpo igi. Hajarat sáré lọ gbé àga wá, ó fà á dìde, ó fi í jókòó. Ẹnì kan gbé abọ́ ìrẹsì lé e lọ́wọ́, ó ṣì ń gbóná, èéfín igi wà nínú rẹ̀ díẹ̀. Sàráà òkú ni, èèyàn kì í kọ̀ ọ́. Ó bu ṣíbí kan, ó jẹ ẹ́. Ó bu òmíràn. Kòkòrò tí kò tíì lórúkọ ti lọ, kò ní lórúkọ mọ́. Ó mọ ìyẹn. Ìyẹn kọ́ ló ń pa á lẹ́kún.

"Ma," ni Hajarat wí jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ irọ́ tí mo pa fún un. Nígbà tí ẹ bá wá lẹ́yìnkùlé yìí, kí lẹ máa ń ṣe gan-an?"

Gbogbo ohun tó tò jọ láti Ìbàdàn ló wá sí Làtífátù lẹ́nu, ti ẹsẹ̀, ti orí, ti ìyẹ́ tó lẹ̀ mọ́ra. Ó ya ẹnu láti sọ ọ́.

"A máa ń jókòó ni," ló wí.